Ọmọbìnrin Tí Ó Fẹ́ Ṣe Ẹnjiníà

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí ìsìn ti parí, bàbá kan dá wa dúró ní ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀ kò dùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ń múra ìdánwò JAMB ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹnjiníà ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni bàbá ti ń rò fún un láti kékeré. "Mẹkáníkà ẹnjiníàrìn ni ó pè é," ni bàbá wí. "Ẹ bá mi bi í, ṣé abẹ́ mọ́tò ni ọmọ mi fẹ́ máa wọ̀ kiri ni?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá kò bá wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a pe ọmọ náà, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé kì í ṣe mọ́tò títúnṣe ni òun ń lé. Ó ní ẹ̀rọ tí ń fa omi ní àdúgbò àwọn máa ń bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà, àwọn tí ó ń tún un ṣe kò sì mọ̀ ju kí wọ́n pààrọ̀ ohun tí ó jóná lọ. Òun fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Òun fẹ́ kàwé títí, kí òun máa ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ.

Bàbá yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin náà gbọ́. Níbo lẹ ti rí obìnrin tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí?"

Kí a má purọ́, a kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. A sọ pé wọ́n wà, ṣùgbọ́n a kò lè sọ ibi tí wọ́n wà tàbí iye wọn. Ìbéèrè náà bá wa délé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú ìwé. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọbìnrin nílé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ bá wa ka ohun tí a rí, nítorí díẹ̀ nínú rẹ̀ ya àwa gan-an lẹ́nu.

IBI TÍ A KÒ FOJÚ SÍ

Àjọ UNESCO tẹ ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 2021 lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri ayé. Wọ́n ní ní ọdún 2018, nínú 100 olùwádìí tí ó wà láyé, nínú ìmọ̀ gbogbo, nǹkan bí 33 ni obìnrin. Ṣùgbọ́n bí a bá ya iṣẹ́ ẹnjiníà sọ́tọ̀, iye náà wálẹ̀: nínú 100 ẹni tí ó gboyè nínú rẹ̀, 28 péré ni obìnrin.

Ní báyìí, bí a bá ní kí òǹkàwé wa sọ orílẹ̀-èdè tí àwọn obìnrin ti ń gboyè ẹnjiníà jù, a mọ ohun tí púpọ̀ yóò sọ. Wọn yóò ní Amẹ́ríkà. Wọn yóò ní Kánádà, tàbí Switzerland tí owó ayé sá lọ sí. Àwa náà ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ìwé UNESCO yẹn kan náà, nínú 100 ẹni tí ó gboyè ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà, obìnrin kò ju nǹkan bí 20 lọ. Ti Kánádà kò pé 20. Ti Switzerland jẹ́ 16. Ti Japan, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ Toyota tí gbogbo wa ń gùn yìí, jẹ́ 14.

Ní Algeria ńkọ́? Ó lé ní 48. Ní Peru ó lé ní 47, ní Tunisia 44, ní Morocco 42. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 42. A ka oju ewé náà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbà á. Ilẹ̀ Lárúbáwá tí a máa ń rò pé wọn kì í jẹ́ kí obìnrin yọjú síta, ibẹ̀ ni ọmọbìnrin ti ń jókòó ti ọmọkùnrin nínú kíláàsì ẹnjiníà, tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Kí ni ó fà á? Ohun kan ni pé ní Algeria àti Tunisia, máàkì tí ọmọ bá gbà nínú ìdánwò àṣejáde ni ìjọba fi ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó bá mọ ìṣirò dáadáa, ọ̀nà ẹnjiníà tàbí ti dókítà ni ó ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni kò ní í máa bi í léèrè bóyá iṣẹ́ náà bá obìnrin mu. Èkejì ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́. Ní orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ kò pọ̀, òbí kì í wo akọ tàbí abo iṣẹ́ kí ó tó wo owó oṣù. Ní orílẹ̀-èdè tí nǹkan ti rọrùn, ọmọ lè yan ohun tí ó bá wù ú, ohun tí ó sì ń wu ọmọ kò ṣẹ̀yìn ohun tí àwọn tí ó yí i ká ti ń sọ sí i létí láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta: bọ́ọ̀lù àti ọkọ̀ ìṣeré fún ọmọkùnrin, bèbí fún ọmọbìnrin.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò fẹnu kò lórí èyí o. Ní ọdún 2018, àwọn méjì kan, Stoet àti Geary, kọ̀wé pé bí orílẹ̀-èdè bá ti ń fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ń lọ sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ń dín kù níbẹ̀. Wọ́n fi Finland àti Norway ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn kan gbé e gẹ̀gẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní ẹ ò rí i pé Ọlọ́run kò dá iṣẹ́ yìí mọ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, èsì tí wọ́n rí kò bá tàwọn méjì náà mu, àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sì ní láti tẹ àtúnṣe jáde lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìṣirò wọn. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá fẹ́ fi iye Norway sọ ohun tí a dá mọ́ obìnrin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ti Algeria fún wa.

Síbẹ̀, kí a má tètè máa yin Algeria. Gbígba oyè yàtọ̀ sí ṣíṣe iṣẹ́. Ní orílẹ̀-èdè yẹn, nínú àwọn obìnrin tí ó ti dàgbà tó láti ṣiṣẹ́, àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí ń wá iṣẹ́ kò tó márùn-ún kan. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rí ni ó wà nínú àpótí nílé ọkọ.

NÍNÚ YÀRÁ ÌWÁDÌÍ

Ọ̀rọ̀ ìwádìí gan-an ni ọmọ yẹn sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kúrò ní ti àwọn tí ó gboyè, kí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń wádìí.

Bí olùwádìí bá rí nǹkan tuntun, inú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ni ó máa ń kọ ọ́ sí. Bí ẹlòmíràn bá lo ohun tí ó rí, yóò dárúkọ rẹ̀. Iye ìwé tí ènìyàn kọ àti iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn olùwádìí. Òun ni wọ́n fi ń fún un ní ìgbéga, òun ni wọ́n fi ń fún un ní owó láti ra ẹ̀rọ. Ní ọdún 2015, àwọn mẹ́ta kan, Ghiasi, Larivière àti Sugimoto, kó ìwé ẹnjiníà 679,338 jọ, èyí tí a tẹ̀ láàárín 2008 sí 2013, wọ́n wo orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n. Ìdá 80 nínú 100 iṣẹ́ náà jẹ́ ti ọkùnrin.

Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n rí i pé ìwé àtìgbàdégbà tí iyì wọn ga ni àwọn obìnrin ń kọ tiwọn sí, ó ga ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Síbẹ̀, bí ó bá di ìgbà tí ó yẹ kí a dárúkọ ẹni tí ó ṣe é, a kì í dárúkọ tiwọn tó. Ó dà bí obìnrin tí ó gbé ọjà tí ó dára jù wá sí ọjà tí ó tóbi jù, tí àwọn oníbàárà kàn ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Wọ́n tún rí i pé àtọkùnrin àtobìnrin nínú wọn, ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń yàn láti bá ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní London ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Hertha Ayrton. Bàbá rẹ̀ tí ń tún aago ṣe kú ní 1861, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méje àti oyún ẹ̀kẹjọ. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni ìyá fi tọ́ wọn. Hertha kàwé dé Cambridge, ṣùgbọ́n Cambridge ìgbà náà kì í fún obìnrin ní oyè. Iná mànàmáná tí wọ́n ń tàn sí ìgboro nígbà náà máa ń pariwo ṣìì, a sì máa ṣẹ́jú. Hertha jókòó tì í títí ó fi rí ìdí rẹ̀: afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni ó ń dé ara èédú tí iná náà ń jó. Ní 1899, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná mànàmáná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á wọlé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọ ìwé sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ó ga jù nílẹ̀ náà, Royal Society, ní 1901, ọkùnrin kan ni ó bá a kà á níwájú wọn. Ní 1902 àwọn kan fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ náà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn lọ́yà. Lọ́yà ní obìnrin tí ó ti wà nílé ọkọ kò lè wọ ẹgbẹ́ náà lábẹ́ òfin. Ẹ má gbàgbé pé ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà! Ní 1906, ẹgbẹ́ yìí kan náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ Hughes nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fún un ní góòlù, wọn kò fún un ní àga. Ó di ọdún 1945 kí obìnrin tó wọlé síbẹ̀, Hertha sì ti kú láti 1923.

ỌMỌ ỌWỌ́ ÀTI ÌWÁDÌÍ

A mọ ohun tí àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ń sọ nínú ọkàn yín: ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? A kò ní sá fún un, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣu ti fẹ́ di.

Ní 2020, àwọn olùwádìí kan tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó kan àwọn tí ó ń kọ̀wé ìmọ̀ ní orílẹ̀-èdè 83. Bí a bá ṣírò gbogbo ìwé tí ènìyàn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́ rẹ̀, ti ọkùnrin pọ̀ ju ti obìnrin lọ dáadáa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wò ó ní ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé iye tí ọkùnrin ń kọ lọ́dún àti iye tí obìnrin ń kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Apá ńlá nínú ìyàtọ̀ náà wá láti inú pé obìnrin ń tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní orí obìnrin kò gbé e, kò tíì wo ìwé náà dáadáa.

Kí ni ó ń lé wọn kúrò? Ní 2019, àwọn obìnrin méjì, Cech àti Blair-Loy, tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ àkọ́kọ́. Nínú 100 ìyá, 43 ni ó fi iṣẹ́ alákòókò kíkún nínú ìmọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ti àwọn bàbá: 23. Ọkùnrin mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún! Iṣẹ́ tí a ṣètò bí ẹni pé ẹni tí ń ṣe é kò ní ẹnikẹ́ni nílé, kì í ṣe obìnrin nìkan ni ó ń lé lọ.

Ìwádìí ẹ̀rọ tún ní tirẹ̀. Ẹni tí ń dán agbára irin wò kò lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sílé kí ó máa fi í ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ẹ̀rọ kan lè gba wákàtí mẹ́rìndínlógún kí ó tó parí ohun tí ó ń ṣe, kò sì mọ̀ pé ibà ń ṣe ọmọ.

Síbẹ̀, a rí ìtàn obìnrin kan ní ilẹ̀ Íńdíà tí ó dùn mọ́ wa púpọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni A. Lalitha. Wọ́n bí i ní 1919, wọ́n sì fà á fún ọkọ nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ọmọbìnrin tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́rin lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ti ń ṣe opó níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn mọ ohun tí ó yẹ kí ó kàn: aṣọ funfun, irun fífá, àti ìgbésí ayé nínú yàrá ẹ̀yìn.

Bàbá rẹ̀ ni kò gbà. Bàbá náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ iná mànàmáná ní ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà Guindy ní Madras, kò sì sí obìnrin kankan níbẹ̀. Ó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n lọ bá ìjọba, wọ́n gbà. Lalitha gbé inú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń lọ wo ọmọ rẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn wọlé kí ó má baà dá wà. Ọ̀kan nínú wọn, P. K. Thressia, ni ó wá di ọ̀gá àgbà ẹnjiníà fún iṣẹ́ òde ní ìpínlẹ̀ Kerala. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gboyè, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ tí ń tọ́ka sí ọkùnrin ni wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí. Kálámù ni wọ́n fi fà á nù, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ti obìnrin sí i.

Lalitha bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ tí bàbá ń dá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Calcutta, sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gbé níbẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n sì lè bá a mójú tó ọmọ. Ó ní ọwọ́ nínú jẹnẹrétọ̀ ìsédò Bhakra Nangal, ọ̀kan nínú àwọn ìsédò tí ó tóbi jù ní Íńdíà. Ní 1964 ó lọ sí New York, sí ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbogbo ayé. Ẹ bá wa ka àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́: bàbá, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan. Orí kan ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN KAN Ń ṢE

Ní 2019, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Eindhoven ní ilẹ̀ Netherlands ṣe òfin kan tí ó dá ariwo sílẹ̀. Wọ́n ní bí ipò olùkọ́ àti olùwádìí bá ṣí sílẹ̀, obìnrin nìkan ni ó lè kọ̀wé béèrè fún un fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Inú bí àwọn ọkùnrin kan, ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn níbẹ̀, ìgbìmọ̀ sì sọ ní 2020 pé ó ti pọ̀ jù. Yunifásítì dín in kù, kò pa á rẹ́. Ní Japan, yunifásítì àwọn obìnrin ní Nara dá ẹ̀ka ẹnjiníà sílẹ̀ ní 2022, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní yunifásítì obìnrin nílẹ̀ náà. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Tokyo sì ya ààyè 143 sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, bẹ̀rẹ̀ láti ìdánwò ìwọlé 2024.

Àwa kò fẹ́ràn kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin, a ní ọmọkùnrin nílé tiwa náà. Ṣùgbọ́n a rántí Hertha àti àwọn lọ́yà, a sì gbà pé ilẹ̀kùn tí wọ́n tì fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dédé ṣí.

Nílé wa ńkọ́? Ọdún 1958 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn obìnrin inú wọn kó ara wọn jọ, wọ́n dá APWEN sílẹ̀, Ẹnjiníà Joana Maduka sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti bá àwọn ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Láti 1958, ọkùnrin ni gbogbo ààrẹ ẹgbẹ́ ńlá náà, títí di 2024 tí Ẹnjiníà Margaret Oguntala gorí àga gẹ́gẹ́ bí ààrẹ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, obìnrin àkọ́kọ́.

A kó gbogbo èyí lọ bá bàbá yẹn nílé rẹ̀. Ó gbọ́ ti Algeria, ó ní irọ́ ni. A fi iye náà hàn án. Ó gbọ́ ti Lalitha, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Bàbá rẹ̀ ni ó lọ bá wọn bẹ̀bẹ̀?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ tí ń gúnyán lẹ́yìnkùlé ti dá ọmọ odó dúró láti gbọ́ èsì.

Bàbá ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbà láti pààrọ̀ kọ́ọ̀sì kò tíì kọjá, pé òun ṣì lè fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n yí i sí nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ rẹ̀, ó bi í bóyá ó mọ ìṣirò dáadáa. Ọmọ náà wọlé lọ mú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ wá. Bàbá wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn jẹun.